Ìwé Kan, Ẹ̀wù Púpọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mú kálámù kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí bébà: ọmọ. Ẹni tó kọ́ ìwé ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta yóò kọ ọ́ báyìí, pẹ̀lú àmì kékeré lábẹ́ lẹ́tà o méjèèjì. Ẹni tó kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ lè kọ ọ́ báyìí: ɔmɔ. Ọmọ kan náà ni. Ìyá kan náà ló bí i. Ẹ̀wù tó wọ̀ ló yàtọ̀.

Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣàṣìṣe. Ní 1975, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ èdè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbé àkójọ lẹ́tà kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ náà, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ní èdè kan má bàa ṣe àjèjì pátápátá sí èdè kejì. Wọ́n tún un ṣe ní 1990, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2008. Ibẹ̀ ni ɛ àti ɔ ti wá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ kp níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ p, tí wọ́n sì ń kọ sh níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ṣ. Ti Nàìjíríà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ṣe ìpàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán títí di ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí, ẹ̀wù ti Nàìjíríà ló wọ̀.

Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? N kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dá a, kí ó jókòó sí ààrin ọjà kó dá a. Ohun tí ó kàn mí ni pé ènìyàn wa wà ní apá méjèèjì. Ní 1889, Fáránsé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà gba inú ilẹ̀ wa kọjá. Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì, bẹ́ẹ̀ ọmọ Kétu ni wọ́n ń pe ara wọn níbi méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n kà, àbúrò náà fẹ́ kà á.

Èmi tí mò ń kọ èyí, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ ìwé kékeré fún kíláàsì alẹ́: ìwé ìmọ́tótó, ìwé oko, ìwé ìṣírò ọjà. Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé kan nínú wọn. Ó ń kọ́ni bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu. Omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọ. Nísinsin yìí, ẹ rò ó wò: bí mo bá tẹ ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan fún Bẹ̀nẹ̀, tí mo tún jókòó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì fún Nàìjíríà, ìwé méjì ni mo ní. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí a tún ìlà kan ṣe, ìgbà méjì ni a ó tún un ṣe. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá rántí ọ̀kan tó gbàgbé èkejì, ọmọ tó wà ní Ìmẹ̀kọ yóò mu ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ Kétu mu. Bí wọ́n bá tún fẹ́ èyí tí wọn yóò máa kà lórí fóònù, ìwé ti di mẹ́rin.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń kọ ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kọ̀ǹpútà yóò sì wọ ẹ̀wù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ má sọ pé, “Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?” Ẹni tó bá lè fi ìwé ránṣẹ́ lórí fóònù lè kọ irú ìwé yìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà lè kọ ọ́.

Ìwé inú kọ̀ǹpútà pín sí ọ̀nà méjì. Nínú èkíní, lẹ́tà ti wọ ẹ̀wù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, lẹ́tà náà dúdú, ó sì nípọn. Ẹ tẹ òmíràn, ó tóbi. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀, ètò tó ṣe é ló mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Bí ẹ bá gbé e dé orí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ̀wù lè ya. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò tíì ní lẹ́tà wa, àwọn kan máa ń fi lẹ́tà Yorùbá pamọ́ sínú ihò tí a gbẹ́ fún lẹ́tà àjèjì. Bí ẹ̀rọ kejì kò bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, wúruwùru ni ẹ ó rí. Nígbà kan a gbé ìwé ìmọ́tótó lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan, gbogbo àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn sì já bọ́ lójú ọ̀nà. A kọ “Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.” Ohun tó jáde ni “E fo owo ki e to jeun.” Ẹ kà á sókè kí ẹ gbọ́ ọ: ó dà bí ẹni pé kí wọ́n fo owó kọjá. Wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ kí a tó rí i, wọ́n sì gba owó wọn.

Nínú èkejì, lẹ́tà nìkan ló wà. Kò sí èyí tó nípọn, kò sí èyí tó tóbi, kò sí àwọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìwé lẹ́tà lásán. Láti 1991 ni wọ́n ti ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà nínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Unicode. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Lẹ́tà ɛ ní tirẹ̀, 025B. Lẹ́tà ọ ni 1ECD, ɔ sì ni 0254. Ìwé lẹ́tà lásán tí a fi nọ́ńbà wọ̀nyí tọ́jú, ẹ̀rọ èyíkéyìí lè ṣí i, kódà fóònù kékeré. Kò wúwo. Gbogbo ìwé ìmọ́tótó náà kò wúwo tó fọ́tò kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀wù, báwo la ó ṣe mọ̀ pé àkọlé nìyí, pé èyí ló ṣe pàtàkì? Ẹ ti rí télọ̀ nígbà tó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ. Àmì kan ń sọ pé: gé ibí. Òmíràn ń sọ pé: ṣẹ́ ẹ po. Òmíràn ń sọ pé: bọ́tìnì yóò wà níbí. Bí ẹ bá lọ gba aṣọ yín, ẹ kò ní rí ṣọ́ọ̀kì mọ́. Iṣẹ́ tí àmì náà pàṣẹ ni ẹ ó rí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sàmì sínú ìwé lẹ́tà lásán.

Ètò tí mo ń lò ni wọ́n ń pè ní txt2tags. Aurelio Jargas, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, ló ṣe é jáde ní 2001. (Bùràsíìlì náà ni àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá. Ọ̀nà omi yẹn kò tíì dí.) Ọ̀fẹ́ ni. Irú rẹ̀ mìíràn wà: John Gruber gbé Markdown jáde ní 2004, John MacFarlane sì gbé pandoc jáde ní 2006. Wọ́n dára, wọ́n sì gbajúmọ̀ ju tèmi lọ. Mo dúró ti txt2tags nítorí pé ó jẹ́ kí n fi ìlà kan ṣoṣo ṣe òfin tèmi. Ẹ ó rí i láìpẹ́.

Báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwé omi iyọ̀ náà ṣe rí kí ó tó wọ ẹ̀wù:

Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà
Kíláàsì Alẹ́
Ìwé kẹta

= Ohun tí a ó lò =

Omi mímọ́ lítà 1.
- ṣúgà ṣíbí kékeré 6
- iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré

@ib Ṣíbí ṣúgà mélòó ni?

@ewe

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ ìwé, ẹni tó ni ín, àti ọjọ́ tàbí nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àmì = wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, àkọlé ni. Ìràwọ̀ méjì níwájú, ìràwọ̀ méjì lẹ́yìn: kí ọ̀rọ̀ náà nípọn. Ilà kékeré níbẹ̀rẹ̀ ìlà: ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a ń tò. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà lè ka ìwé yìí bó ṣe wà yìí kó yé e. Èyí ṣe pàtàkì lójú mi. Bí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà bá kú lọ́la, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà.

Bí mo bá wá kọ

txt2tags -t html omi.t2t

ẹ̀dà kan yóò jáde tí a lè ṣí lórí fóònù bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá fi tex rọ́pò html, èyí tí a ó tẹ̀ sórí bébà pẹ̀lú LaTeX ni yóò jáde. Bí mo bá fi txt sí i, lẹ́tà lásán tí a tò dáadáa ni, èyí tí a lè fi ránṣẹ́ bí ìwé kúkúrú. Ìwé tí mo kọ kò yí padà. Ẹ̀dà ni ó ń bí.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àmì méjì wà níbẹ̀ tí Aurelio Jargas kò mọ̀ rárá: @ib àti @ewe. Èmi ni mo dá wọn sílẹ̀. Gbogbo télọ̀ ló ní àmì tirẹ̀ tí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan mọ̀. Mo sọ ìtumọ̀ ti àkọ́kọ́ fún ètò náà báyìí:

%!preproc: '@ib' 'Ìbéèrè:'

Àmì % àti ! níwájú ń sọ pé ìlà yìí kì í ṣe ti òǹkàwé, òfin ni. Preproc túmọ̀ sí pé: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà láàrin àmì kékeré àkọ́kọ́ ni kí ó wá. Ohun tó wà nínú èkejì ni kí ó fi rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè púpọ̀ wà nínú ìwé kíláàsì. Bí olùkọ́ bá wá ní kí a má kọ “Ìbéèrè” mọ́, kí a kọ “Ẹ dáhùn”, ìlà òfin kan yìí ni n ó fọwọ́ kàn, gbogbo ibi tí @ib wà yóò sì gbọ́.

Ti @ewe yàtọ̀ díẹ̀. Ó ń sọ pé: ṣí ewé tuntun. Lórí bébà, ewé tuntun ní ìtumọ̀. Lórí fóònù, kò sí ewé, ńṣe ni ènìyàn ń fi ìka fa ọ̀rọ̀ sókè. Nítorí náà, ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù ni pé kí ó fa ilà gbọọrọ kan:

%!postproc(html): '@ewe' '<hr>'

Postproc túmọ̀ sí: nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí. Ọ̀rọ̀ html tó wà láàrin àmì rògbòdò ń sọ pé ọjọ́ tí ìwé bá ń lọ sórí fóònù nìkan ni òfin yìí yóò ṣiṣẹ́. Mo ní òfin mìíràn fún ọjọ́ bébà. Àmì kan, ìtumọ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bí ibi tó ń lọ. Àmì ara mi kò ju mẹ́fà lọ. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ yóò máa béèrè ìtumọ̀ ju bí ó ti ń tẹ̀wé lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí lẹ́tà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ẹ ó rò pé ó rọrùn. Kọ ìwé bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ sì ṣe òfin mẹ́rin: kí ẹ di ɛ, kí ọ di ɔ, kí ṣ di sh, kí p di kp. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Olè ni ìkẹrin. Ó ń wọ ilé tí a kò rán an. Bí ẹ bá kọ Porto-Novo, yóò di Kporto-Novo. Bẹ́ẹ̀, nínú àkójọ lẹ́tà Bẹ̀nẹ̀, p wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí kp ṣe wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá kọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, http yóò di httkp, kò sì ní ṣí mọ́. Bí ẹ bá wá fi òfin náà sí postproc, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣẹ html tó ń bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni <p>. Yóò di <kp>, fóònù kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Ẹ kọ ìwé bí ti Bẹ̀nẹ̀, kí kp di p. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n sh náà gbọ́dọ̀ di ṣ. Orúkọ Bangladesh yóò di Bangladeṣ, Washington yóò di Waṣington.

Kí ni a ó ṣe? Ẹ kíyè sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà kp máa ń sọ nǹkan tí p nìkan kò lè sọ: ó ń sọ pé ohùn Yorùbá ni mí, n kì í ṣe ti Porto-Novo. Lẹ́tà ṣ náà ń sọ nǹkan tí sh kò lè sọ: ó ń sọ pé ohùn kan ṣoṣo ni mí, n kì í ṣe s àti h tó pàdé nínú orúkọ òyìnbó. Èyí tó sọ púpọ̀ lè di èyí tó sọ díẹ̀. Èyí tó sọ díẹ̀ kò lè dá nǹkan tí kò sọ padà. Ẹ̀kọ lè di omi bí a bá fi omi là á, ṣùgbọ́n ta ni yóò kó ẹ̀kọ náà jáde?

Nítorí náà, ìwé ìpìlẹ̀ tí mo ń kọ kì í ṣe ti Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe ti Nàìjíríà. Mo mú kp láti ìhín, mo mú ṣ láti ọ̀hún. Nínú rẹ̀, “pẹ̀lú” ni kpẹ̀lú, “ṣúgà” sì jẹ́ ṣúgà. Kò sí olùkọ́ tí yóò fi irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kọ́ni. Ẹ̀wù ilé ni, kì í ṣe ẹ̀wù òde. Fáìlì òfin méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú èyí tí mo pè ní naija.t2t:

%!preproc: 'kp' 'p'
%!preproc: 'Kp' 'P'

Nínú èyí tí mo pè ní bene.t2t:

%!preproc: 'ṣ' 'sh'
%!preproc: 'Ṣ' 'Sh'
%!preproc: 'ẹ' 'ɛ'
%!preproc: 'Ẹ' 'Ɛ'
%!preproc: 'ọ' 'ɔ'
%!preproc: 'Ọ' 'Ɔ'

Ẹ rí i pé lẹ́tà ńlá ní ìlà tirẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ àti Ẹ kì í ṣe ìbátan. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ̀dà ti Nàìjíríà, mo kọ:

txt2tags -t html -C naija.t2t -o omi-naija.html omi.t2t

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé -C ni fáìlì òfin. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé -o ni orúkọ tí ẹ̀dà náà yóò máa jẹ́, kí ti Nàìjíríà má bàa gun orí ti Bẹ̀nẹ̀ mọ́lẹ̀.

Olè kékeré kan ṣì kù. Àdúgbò kan wà ní Kùtọnu tí wọ́n ń pè ní Akpakpa. Bí òfin naija.t2t bá fọwọ́ kàn án, yóò di Apapa. Ẹ̀yin tó bá ti dé Èkó rí ti ń rẹ́rìn-ín: Apapa ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí ní Èkó. Ìwé tó ní kí ẹnì kan lọ gba oògùn ní Akpakpa yóò rán an kọjá ààlà! Ní ilẹ̀ Tógò náà, Kpalimé yóò di Palimé. Fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀, mo fi ilà ilẹ̀ dá k àti p ní ẹ̀kun: Ak_pak_pa, K_palimé. Òfin kejì sì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́:

%!preproc: 'k_p' 'kp'
%!preproc: 'K_p' 'Kp'

Ìsàlẹ̀ òfin kp ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé òfin máa ń ṣiṣẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣáájú, wọn yóò tú ẹ̀kun náà, òfin kp yóò sì dé bá ọmọ níta. Mo fi wọ́n sínú bene.t2t pẹ̀lú, kí ilà ilẹ̀ náà má bàa jáde sójú òǹkàwé.

Àmì ohùn ńkọ́? Bí ẹ bá kọ ẹ́, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ ẹ, kí àmì òkè tẹ̀lé e. Ó sì lè jẹ́ é, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, nítorí bọ́tìnì tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Lójú yín, ọ̀kan náà ni. Lójú òfin, kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń wá ẹ kò ní rí i nínú é, yóò kọjá lọ. Ìwé yóò jáde pẹ̀lú ɛ níbi gbogbo àti ẹ níbi mẹ́ta mẹ́rin tó fara pamọ́. Unicode ní ètò fún èyí: ó ní kí àmì ìsàlẹ̀ máa ṣáájú àmì òkè. Python, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi kọ txt2tags fúnra rẹ̀, mọ bí a ṣe ń to àmì bẹ́ẹ̀. NFC ni wọ́n ń pe ìtò náà. Ẹ to gbogbo ìwé ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ to fáìlì òfin náà bẹ́ẹ̀, kí òfin tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn ohun kan wà tí òfin lẹ́tà kò lè ṣe. Iye owó fàráǹ kì í di náírà nípa pípààrọ̀ lẹ́tà, nítorí pé iye rẹ̀ ń yí padà. Mo máa ń kọ iye kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo rí ọgbọ́n dá sí, ó sì kan omi iyọ̀ wa. Ṣíbí kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ṣíbí tíì, Fáránsé ń pè é ní ṣíbí kọfí. Ṣíbí kan náà ni, tó ń gba mílílítà 5. Bí mo bá kọ “ṣíbí kékeré” lásán, ìyá kan lè mú ṣíbí tó kéré nínú ilé tirẹ̀, èyí tó lè tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà mo yọ “ṣíbí kékeré” kúrò nínú ìwé ìpìlẹ̀, mo fi @sibi sí i. Nínú naija.t2t:

%!preproc: '@sibi' 'ṣíbí tíì'

Nínú bene.t2t, mo gbé e sókè pátápátá, ṣáájú òfin ṣ àti ọ:

%!preproc: '@sibi' 'ṣíbí kọfí'

Nítorí pé ó wà lókè, àwọn òfin tó tẹ̀lé e yóò bá a wọ ẹ̀wù tirẹ̀, yóò sì jáde bí shíbí kɔfí. Ìyá tó wà ní Sákété yóò mọ ṣíbí tí a ń wí, èyí tó wà ní Ìmẹ̀kọ náà yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀dà Bẹ̀nẹ̀ máa ń gùn ju ti Nàìjíríà lọ díẹ̀, nítorí pé kp àti sh jẹ́ lẹ́tà méjì méjì. Ìlà kan lè já sí ewé kejì, kí iyọ̀ wà lójú ewé kan, kí ṣúgà wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni @ewe ti wúlò fún mi: mo fi í sí òkè ohun tí a ó lò, kí gbogbo wọn lè jókòó pọ̀ sórí ewé kan. Kí n tó gbé ẹ̀dà méjèèjì lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo máa ń fún ẹlòmíràn ní ọ̀kan, èmi a mú èkejì. A kì í ka ọ̀rọ̀ inú wọn nígbà náà. Nọ́ńbà nìkan ni a máa ń kà sókè, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì: lítà 1, ṣúgà 6, iyọ̀ ìdajì.